Ẹ Má Fi Ọta Méjì Rán Ọdẹ Wọgbó

Ọ̀rọ̀ tí bàbá olóṣèlú kan sọ níbi ìpàdé àwọn onílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó ṣì ń dùn mí wọra. Wọ́n ní ká dáwó ra kátíríìjì kún tàwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà oko. Bàbá dìde, ó ká agbádá léjìká, ó ní ọdẹ tó bá mọṣẹ́ kò nílò ju ọta méjì tó wà nínú ìbọn rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá tún di òmíràn mọ́dìí, olè ló fẹ́ jà. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́! Irọ́ gbáà ni. Ẹni tí ẹ bá rán wọgbó lóru láìfún un ní ọta tí yóò tún kì, ẹ ti fi í ṣẹbọ.

Ìgbà wo ni bàbá yìí gbébọn kẹ́yìn? Ìtàn ọdẹ tó fi ọta kan pa ẹfọ̀n ló ń sọ fún wa. Ẹfọ̀n kì í yìnbọn padà. Àwọn ajínigbé tí ọdẹ wa ń kojú kì í dá rìn, ìbọn AK-47 wọn sì ń gba ọgbọ̀n ọta lẹ́ẹ̀kan. Kí ni méjì fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ẹni tí kò lè dá dé ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ lóru ló ń kọ́ ọdẹ ní ìgboyà. Nígbà ìpolongo ìbò, ṣé ọta méjì péré ló wà lọ́wọ́ àwọn tó yí mọ́tò rẹ̀ ká?

Kí ọta wà lápò nìkan kò tilẹ̀ tó. Tí ìbọn ẹlẹ́nu méjì bá ti ró tán, ọdẹ yóò ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò fa èèpo tó jó yọ, yóò wá òmíràn lápò, yóò tì í bọ̀ ọ́, yóò pa á dé. Lọ́sàn-án, kò pẹ́ rárá. Lóru, tọ́wọ́ ń gbọ̀n, tí èèpo ti wú há sínú ihò, ẹ̀mí lè bọ́ níbẹ̀. Ṣakabùlà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: tí òjò bá ti kan ẹ̀tù, ó parí. Àpò ọta gbọ́dọ̀ wà ní ìbàdí, níbi tọ́wọ́ ti lè bá a láìwò, kí gbogbo kátíríìjì sì kọjú síbì kan náà. Kí àwọn ọdẹ máa fi èèpo òfìfo dánra wò nínú òkùnkùn.

Ẹ wo ohun tí àìtètè rí ọta kì lè fà: ní oṣù Kẹrin ọdún 1970, ní Newhall ní ìpínlẹ̀ California, ọ̀daràn méjì pa ọlọ́pàá mẹ́rin. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà ti yin ọta mẹ́fà inú ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ tán. Ó ń kì í lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n ká a mọ́bẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ohun tó ń ki mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò ní ká fún ọdẹ ní ìbọn ìléwọ́ o. Òfin ìbọn wa ti ọdún 1959 ní kò sẹ́ni tó lè ní in láìgbàṣẹ Ààrẹ. Ìbọn ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ ọlọ́pàá ni mò ń sọ.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé ọmọ Ìjẹ̀bú. Nígbà ogun Ìmàgbọn, ní May 1892, àwọn baba wa pọ̀ ju ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ fíìfíì, wọn kò sì ṣojo. Ìbọn Maxim tó ń tú ọta jáde láìdákẹ́ ni wọ́n kò rí bá jà.

Ẹgbẹ́ àdúgbò kan gba owó ààbò lọ́wọ́ wa rí. Aṣọ àti fìlà ni wọ́n fi rà. Wọ́n yan lójú títì, kátíríìjì kan kò sí. Owó yẹn ṣì ń ká mi lára.

Láti Àgọ́-Ìwòyè dé Abigi ní Ogun Waterside, ẹ ra ọta fáwọn ọdẹ yín. Ẹ kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, kí wọ́n sì dá èèpo padà. Tí wọ́n bá tún gbé igbá owó ààbò dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: kátíríìjì mélòó lẹ rà?