Ìyá oníwàrà gba Ṣábẹ̀ẹ́ lọ

Ẹni tó bá ń ta wàrà l'Àkùngbá Àkókó mọ ohun tójú ẹ̀ ń rí. Èyí tí wọn ò bá rà tán lónìí, tó bá fi máa dọ̀la, ó ti kan. Bówó ọjà obìnrin kan tó ń gbé e kiri fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ṣe máa ń wọlẹ̀ nìyẹn. Ló bá gbọ́ pé wàrà pupa kan wà nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wagasi, pé kì í tètè bàjẹ́. Ìgbà tó kọ́kọ́ fẹ́ẹ́ lọ, lóṣù kẹjọ, ọdún 2019, nìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè pa. Ìparí ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀. Nígbà tí àjọ tún kàn án, ó gbéra.

Dàńtókpá, ọjà ńlá Kùtọnu, ló kọ́kọ́ yà. Wàrà pupa pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n alágbàtà ló ń tà á. Èyí tó bi léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é kàn rẹ́rìn-ín ni: "Ìyá, ẹ ra tiyín." Ká sòótọ́, òun náà lè má mọ̀ ọ́n.

Ó wọkọ̀, ó di Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ̀rù Faransé tó ti ń bà á tẹ́lẹ̀ lọ, Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ẹnu wọn yàtọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kí ni ará Àkókó, tí èdè ń yí lẹ́nu wọn láti ìlú dé ìlú, fẹ́ẹ́ wí sí ìyẹn?

Wọ́n mú un dé gáà Fúlàní, lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan. Ọkọ ló ni màlúù, ìyàwó ló ni wàrà àti owó ẹ̀. Ìyá náà gbé wàrà màlúù kaná, iná jẹ́jẹ́. Ó gún ewé bomubomu, ó fi wàrà díẹ̀ pò ó, ó sẹ́ ẹ, ó da omi ẹ̀ sí ìkòkò. Kò pẹ́, ó dì, ó kó o sínú agbọ̀n kó ro. Títí débẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé náà ni. Àfìgbà tó kó pòròpórò ọkà bàbà sínú omi iyọ̀ tó ń hó, tó sì ki wàrà bọ̀ ọ́, ló pọ́n bí epo. Èyí tí wọn ò bá sì rà, wọ́n á tún un sè lọ́jọ́ kejì.

"Ìyá, èló ni kí n san?"

"Ra wàrà mi, ọmọ mi. Ó tó."

Pòròpórò tó wá dé ibẹ̀ yẹn, lọ́dọ̀ elékùlẹ́jà l'ọjà Ìkàrẹ́ ló padà ti rà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ń fura: "Màmá, ṣé ẹran ni?" Ó gé e fún wọn tọ́ wò. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ku méjì nínú abọ́. Ó gbé e padà kaná.