A Dì Í Kí A Lè Tú U Ni

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó máa ń rántí pé àbọ̀ tí a sọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ àbọ̀ òtítọ́. Bí a bá fún ọmọlúàbí ní àbọ̀ irọ́, bí ó ti wù kí inú rẹ̀ jìn tó, kò lè sọ ọ́ di odindi ọ̀rọ̀. Kókó àríyànjiyàn tí ó ti pẹ́ láàárín àwọn olùdì àti àwọn olùtú eré ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní crossword nìyí.

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejìlá ọdún 1913 ni èyí àkọ́kọ́, tí Arthur Wynne, ọmọ bíbí ìlú Liverpool, ṣe, jáde nínú ìwé ìròyìn New York World. Ìbéèrè ṣákálá ni tirẹ̀: a béèrè ìtumọ̀, olùtú kọ ọ̀rọ̀ sínú àpótí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni eré náà ti di ohun ìjìnlẹ̀. Ní ọdún 1926, Edward Powys Mathers bẹ̀rẹ̀ sí í di tirẹ̀ fún ìwé ìròyìn Observer, ó sì sọ ara rẹ̀ ní Torquemada, orúkọ olórí àwọn adájọ́ ìjọ Àgùdà tí ń dá ènìyàn lóró ní ilẹ̀ Sípéènì láyé àtijọ́. Nínú irú eré yìí, apá méjì ni atọ́ka kọ̀ọ̀kan ní. Apá kan sọ ìtumọ̀ ìdáhùn. Apá kejì ń fi lẹ́tà ṣeré: ó lè da lẹ́tà rú, ó lè yí wọn sẹ́yìn, ó sì lè fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sínú òmíràn. Iṣẹ́ olùdì ni láti hun apá méjèèjì pọ̀ di gbólóhùn kan ṣoṣo tí yóò mú ọkàn olùtú gba ibòmíràn lọ.

Níbo wá ni ọgbọ́n parí sí, níbo ni ìrẹ́jẹ ti bẹ̀rẹ̀? A. F. Ritchie, tí ń jẹ́ Afrit nídìí eré náà, dáhùn rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1949. Ohun tí ó wí kò ju pé olùdì lè jẹ́ kí gbólóhùn rẹ̀ dà bí ẹni pé nǹkan mìíràn ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó ní lọ́kàn gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tí ó kọ. D. S. Macnutt, olùkọ́ èdè Látìnì àti Gíríìkì tí ó jogún àyè Torquemada ní 1939 tí ó sì sọ ara rẹ̀ ní Ximenes, sọ èyí di òfin nínú ìwé tirẹ̀ ní 1966. Azed, tí ó gba ipò rẹ̀ ní 1972, wá ṣù ú sí ọ̀nà mẹ́ta: ìtumọ̀ tí ó péye, eré lẹ́tà tí kò rẹ́ni jẹ, kí ohunkóhun mìíràn má sì sí níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́ atọ́ka: yí Azed sẹ́yìn, Deza ni yóò fún ọ, adájọ́ mìíràn nínú àwọn adánilóró Sípéènì.

Àwọn kan kò gba òfin yìí. Wọ́n ní ìgbékalẹ̀ olùkọ́ ni, pé ó ń pa ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n máa ń tọ́ka sí àlùfáà John Graham, Araucaria inú ìwé ìròyìn Guardian, tí kò fi gbogbo òfin Ximenes de ara rẹ̀ tí àwọn olùtú sì fẹ́ràn rẹ̀ títí ó fi kú ní 2013. Wọ́n tún máa ń mú atọ́ka kan jáde tí kò ní ju HIJKLMNO lọ. Omi ni ìdáhùn rẹ̀: láti H dé O ni lẹ́tà náà lọ, bí Gẹ̀ẹ́sì bá sì pe ‘láti H dé O’ ní èdè rẹ̀, yóò dún bí H2O, àmì tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń kọ omi. Òótọ́ ni pé kò sí ìtumọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ yìí kò gbè wọ́n. Ẹni tí ó bá tú u kò tún ní iyèméjì, nítorí pé ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ wà lójú rẹ̀ kedere. A lè rú òfin kékeré kan nítorí ẹwà. Òfin ńlá pé ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kò ṣeé rú.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Olùdì ti mọ ìdáhùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Èékù idà ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú idà ni olùtú dì mú. Bí olùdì bá ré olùtú jẹ, olùtú kò ní mọ̀ pé a ré òun jẹ. Yóò rò pé òun ni òpè. Kì í ṣe eré mọ́ nígbà náà, ìwọ̀sí ni. Àwọn baba wa mọ èyí. Nínú àlọ́ àpamọ̀, nígbà tí a bá ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ilẹ̀, ó sì kan ọ̀run, òjò ni à ń wí: òjò tẹ́ẹ́rẹ́ ní tòótọ́, ó kan ilẹ̀ ní tòótọ́, òkè ni ó sì ti wá. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó jókòó lásán níbẹ̀.

Nítorí náà, èrò àwọn tí wọ́n ní kí a di irú eré yìí ní èdè Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i kò ṣeé gbà. Ẹjọ́ wọn ni pé àwọn Faransé kì í ka àmì orí lẹ́tà sí nínú tiwọn. Ṣùgbọ́n èdè Faransé kì í ṣe èdè olóhùn. Ẹ wo atọ́ka yìí: “Ọdẹ bojú wẹ̀yìn, ó rí ẹ̀yà inú ara.” Bí a bá yí ọ-d-ẹ sẹ́yìn láìka ohùn sí, ẹ-d-ọ ni yóò jáde, olùdì yóò sì fi tayọ̀tayọ̀ kéde pé ẹ̀dọ̀ ni. Irọ́ ni. Ohùn àárín ni ó wà lórí ọdẹ tí ń pa ẹran. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí ẹ̀dọ̀. Ọ̀dẹ̀, ìyẹn òpònú, ni ó ń di ẹ̀dọ̀ bí ó bá bojú wẹ̀yìn. Àmì ohùn ni ó ya atọ́ka òtítọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára atọ́ka èké.

Wọn yóò ní ẹ̀tàn ni eré náà, pé kí ni ó burú bí a bá jẹ́ kí olùtú rò pé ọdẹ ni nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dẹ̀? Ó burú púpọ̀. Bí olùdì bá kọ ‘ojú’, tí ọkàn olùtú sì lọ sí ẹyinjú nígbà tí ó jẹ́ gbogbo iwájú orí ni olùdì ní lọ́kàn, ẹ̀tàn tí ó tọ́ ni, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọdẹ àti ọ̀dẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan tí ó ní ìtumọ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. Ẹni tí ó kọ ọ̀kan tí ó sì ní òmíràn ni òun ní lọ́kàn kò pa àlọ́, ó purọ́.

Ohun tí òdodo béèrè ṣe kedere. Níbi tí ọ̀rọ̀ òró àti ọ̀rọ̀ ìbú bá ti pàdé, lẹ́tà, àmì abẹ́ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Lẹ́tà kan ni gb nínú lẹ́tà Yorùbá márùndínlọ́gbọ̀n, nítorí náà àpótí kan ni ó tọ́ sí i. Àpótí mẹ́rin ni ọgbọ́n yóò gbà, kì í ṣe márùn-ún. Òtítọ́ ni pé èyí yóò mú iṣẹ́ nira. Ṣùgbọ́n olùdì ni yóò nira fún, òun ni ó sì yẹ kí ó ru ẹrù náà. Ní ti olùtú, ìrànlọ́wọ́ ni ohùn yóò jẹ́ fún un: àpótí tí ó bá ti ní ohùn ti lé ọ̀rọ̀ mẹ́ta dànù kí ó tó ronú.

Àdììtú ni orúkọ ohun tí a dì tí kò ṣeé tú. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a tú ohun tí òun dì, kí ó fi í sínú àpò rẹ̀, kí ó má gbé e wá sójú agbo. Èyí tí a bá gbé síwájú ẹlẹgbẹ́ ẹni, a dì í kí a lè tú u ni.