Ẹ Fún Ilé Yẹn Ní Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Kí ni eléré ìdárayá fẹ́ fi ilé ọ̀tọ̀ ṣe nítorí ẹni tó ń fẹ́? Ìbéèrè tí àwọn kan nínú kíláàsì wa bi wá nìyẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ Pride House délẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, a sì ní èsì.

Kì í ṣe nǹkan tuntun kí àwọn ènìyàn ní ilé tiwọn ní Òlíńpíìkì. Àwọn ará Netherlands ní tiwọn, àwọn ará Ítálì ní tiwọn. Wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, ẹni tó gba góòlù á wá jó níbẹ̀. Pride House, tí àwa ń pè ní Ilé Àmúyangàn, bẹ̀rẹ̀ ní Vancouver àti Whistler lọ́dún 2010, fún àwọn ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin. (Orúkọ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ fún wọn lédè wa, èébú ni. A ò ní kọ ọ́ síbí.) Ó dé London ní 2012. Nígbà tó kan Sochi ní 2014, ìjọba Rọ́ṣíà kọ̀ láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ilé ẹjọ́ sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Ẹni tó bá ní ilé náà ò wúlò, kó sọ ìdí tí yàrá ìjókòó lásán fi bà wọ́n lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2014 yẹn kan náà ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tiwa. Ẹni tó bá dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tàbí tó bá wọn kópa, ẹ̀wọ̀n ọdún 10.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Tom Daley wọ pápá ìṣeré ní Birmingham ní 2022 pẹ̀lú àwọn tó gbé àsíá òṣùmàrè, ó sì padà sílé ní àlàáfíà. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà tàbí Uganda wá ńkọ́? Ta ló máa gbójú wọ ilé tí àsíá wà lójú fèrèsé rẹ̀, tí kámẹ́rà dúró sẹ́nu ọ̀nà?

Ẹ rántí Rio ní 2016. Akọ̀ròyìn kan tó ní ìyàwó nílé lọ sórí Grindr, áàpù tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí fi ń wá ara wọn, ó fi dẹ pàkúté fún àwọn eléré. Àpèjúwe tó kọ pọ̀ débi pé a lè dá àwọn kan mọ̀, tí àwọn kan nínú wọn sì wá láti ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti lè sọ wọ́n sẹ́wọ̀n. Wọ́n yọ àròkọ náà kúrò, wọ́n tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Nígbà tí Òlíńpíìkì fi máa dé Paris ní 2024, Grindr fúnra rẹ̀ ti dínà kí ará ìta má lè máa wo àwọn tó wà lábúlé eléré.

Bí áàpù bá lè ronú débẹ̀, àwọn olùṣètò náà lè ṣe é. Yàrá kékeré kan nínú abúlé eléré, nítòsí ibi ìtọ́jú, láìsí àsíá, láìsí kámẹ́rà, tí ènìyàn lè wọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ohun tó bá wá.

Ọ̀kan nínú wa ò gbà. Ó ní bí a bá ń fi ènìyàn pamọ́, ṣé a ò ti gbà pé ó ṣẹ̀ nìyẹn? A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Àmọ́ kì í ṣe àwa la máa wọ bàálù padà sí Èkó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú fọ́tò wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Los Angeles ló kàn ní 2028, àyè ṣì wà láti wá yàrá kan.