Ó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Máa Fi Ọwọ́ Ara Wọn Ya Aṣọ Ẹ̀yìn Ìtàgé

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń múra eré ìparí ọdún, ìbéèrè kan kì í pẹ́ yọjú: ta ni yóò ṣe aṣọ tí a óò ta sí ẹ̀yìn àwọn òṣèré? Àwọn kan ní kí á sanwó fún oníṣẹ́ bánà, kí ó fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán jáde. Ní tèmi, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni iṣẹ́ náà yẹ, pàápàá ní irú ìlú wa, Aládé ní Ìdànrè, níbi tí òkè yí wa ká.

Ní àkọ́kọ́, àwòrán ẹ̀yìn ìtàgé kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Òun ni ó ń sọ ibi tí eré ti ń ṣẹlẹ̀ fún òǹwòran. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé eré Ọ̀mùtí jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ayàwòrán gidi, Demas Nwoko, ni ó ṣe ètò ìtàgé rẹ̀. Bí a bá ń ṣe eré nípa àwọn ará Ìdànrè tí wọ́n gbé orí òkè kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, àwòrán ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìlú òyìnbó kò lè dúró fún ààfin Ọwá.

Lọ́nà kejì, iṣẹ́ yìí ń kọ́ ojú ní ìwòye. Ẹni tí yóò ya òkè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Yóò rí i pé òkè ìtòsí dúdú, igi ara rẹ̀ sì hàn kedere. Ṣùgbọ́n bí òkè bá ṣe ń jìnnà sí ni ni àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí, tí ó ń dà bí aró tí a bu omi là. Nítorí náà, yóò po ọ̀dà funfun mọ́ ọ̀dà aláwọ̀ aró fún èyí tó jìnnà, kò sì ní ya ewé kankan síbẹ̀.

Lóòótọ́, àwọn alátakò lè sọ pé ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àti pé ọ̀dà wọ́n. Ṣùgbọ́n aṣọ ìbùsùn àtijọ́ tí a rán pọ̀ àti ọ̀dà ilé bíi mẹ́rin ti tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, a lè kun aṣọ kan náà ní funfun, kí á tún ya òmíràn sí i.

Ní 2007, a fi Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Kò yẹ kí àlejò mọ òkè wa ju àwa ọmọ onílé lọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí ìdí wọ̀nyí, mo gbà pé kí á fi búrọ́ọ̀ṣì lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.