Bọ́tìnnì Tó Sọ Ẹ̀wà Di Ẹwà

Ká ní ò ń kọ áàpù fún ìyá kan tó ń ta oúnjẹ. O kọ "Ẹ̀wà" sórí bọ́tìnnì kan. Lẹ́tà jẹ́ 16px, o fún bọ́tìnnì náà ní height 16px, o sì fi overflow: hidden sí i. Bó ṣe yọ lórí fóònù báyìí, àmì orí Ẹ ti gé kúrò. Ẹ̀wà ti di Ẹwà. Ta ló ń fi búrẹ́dì jẹ ẹwà?

Àwọn kan á ní ká kúkú máa kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Rárá o! Torí ọ̀rọ̀ la ṣe ṣe àpótí. Télọ̀ tó bá rán aṣọ kó tó wọn oníbàárà, ṣé oníbàárà ló máa gé apá rẹ̀?

Àtúnṣe ẹ̀ ò le. Lo min-height dípò height, fi padding sókè àti sísàlẹ̀, jẹ́ kí line-height tó 1.5. Ọ̀rọ̀ ni kó pinnu bí àpótí á ṣe tóbi tó. Kì í ṣe Yorùbá nìkan nìyí máa ṣe láǹfààní. Ìlànà WCAG sọ pé ó yẹ kéèyàn lè sọ ọ̀rọ̀ di ńlá dé 200% láìsí pé ohunkóhun sọnù. Ìyá àgbà tí ojú ń dùn náà fẹ́ ka nǹkan.

Torí náà, má fi "Beans" nìkan dán iṣẹ́ rẹ wò. Kọ "Ẹ̀wà" sínú bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Bí àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá yọ pé, o lè gbé e síta.