Ẹ̀wà tí Òyìnbó Kọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, họ̀ọ̀rọ̀-huuru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀ràn kòkòrò gan-an ni mo bá wá lónìí, àti ti májèlé tí a fi ń pa á. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ fi etí sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ tèmi.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n para pọ̀ ṣòfin pé ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ àwọn mọ́. Kí ni ẹ̀wà ṣe? Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá dichlorvos nínú rẹ̀, èyíinì ni oògùn apakòkòrò tí a máa ń fọ́n sí yàrá láti pa aáyán àti ẹ̀fọn. Ìwọ̀n tí òfin wọn gbà kò ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú kílógíráàmù ẹ̀wà kan. Ìwọ̀n tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì dé 4.6. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ bá mi ṣe é: èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 460 ohun tí òfin gbà. Nígbà tí ó di 2016, wọ́n tún fi ọdún mẹ́ta kún ìfòfindè náà.

Ariwo ta ní ilẹ̀ wa nígbà náà. Àwọn kan ní òwò wa bàjẹ́, àwọn kan ní orúkọ wa bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí: ẹ̀wà tí òyìnbó kọ̀, ta ni ń jẹ irú rẹ̀? Nàìjíríà ni ó ń gbin ẹ̀wà jù lọ ní gbogbo ayé, díẹ̀ ni ó sì ń ré òkun kọjá nínú rẹ̀. Ìyókù, àwa ni a ń jẹ ẹ́. Òun ni ìyá fi ń ṣe mọ́ínmọ́ín fún ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Òun ni àkàrà tí a fi ń mu ògì ní òwúrọ̀ Sátidé. Òun sì ni ẹ̀wà àgànyìn tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń tò fún ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí owó bá ti ń tán lápò. Òyìnbó ṣọ́ ikùn àwọn ènìyàn rẹ̀. Ta ni ń ṣọ́ tiwa?

Àwọn kan yóò dáhùn pé ìjọba ń gbìyànjú. N kò ní purọ́ mọ́ ìjọba. Láti 1993 ni òfin ti dá NAFDAC sílẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n sì ti ṣe kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ti ń rìn. Ní 2008, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín gbé ènìyàn 112 dé ilé ìwòsàn, ọmọdé méjì sì kú. Ní ọdún yẹn kan náà, ní Ìpínlẹ̀ Gombe, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí ó lé ní 100 jẹ ẹ̀wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ilé ìwòsàn ni wọ́n bá ara wọn. Oògùn apakòkòrò ni a bá nídìí ọ̀ràn méjèèjì. Ọdún náà ni NAFDAC fòfin de oríṣi oògùn oko 30. Ní 2019, wọ́n tún fòfin de ìgò dichlorvos kékeré oní 100 mílílítà, wọ́n ní kí a má ṣe tà á ní ọjà gbangba mọ́.

Òfin wọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé jàǹbá ni ó ń ṣáájú, òfin ni ó ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Bí òfin bá sì jáde ní Àbújá, ta ni ń sìn ín dé ìsọ̀ ẹlẹ́wà? Bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté.

Ìjọba kò ṣàì mọ ọ̀nà ọjà o. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi ọjà, ilé ìpẹran àti ilé oúnjẹ sí abẹ́ àkóso ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ lọ sí ọjà ìlú yín ní òwúrọ̀, ẹ ó bá ẹni tí ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ìyá wa. Òjò kì í dá a dúró, oòrùn kì í lé e. Ó mọ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó mọ orúkọ ẹni tí ó ni ín, ó mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè àná. Iwájú àpò ẹ̀wà ni ó ń dúró sí láràárọ̀, ṣùgbọ́n àpò owó ni ojú rẹ̀ ń wò. Bí ìjọba bá rí ẹni rán sí ìsọ̀ láti gba owó, kò lè wí pé òun kò rí ẹni rán síbẹ̀ láti yẹ ẹ̀wà wò. Ẹni tí ó gba owó ọjà ti gba ìtọ́jú ọjà lé orí ara rẹ̀. Ohun tí mo ní í bá ìjọba jà lé lórí nìyí, n kò ní òmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bi bàbá yín àgbà léèrè nípa wolé-wolé. Yóò wọ ilé, yóò ṣí àmù, bí ó bá sì bá tanwíji nínú omi, onílé di èrò kóòtù. N kò wí pé ẹni mímọ́ ni gbogbo wọn. Àwọn kan nínú wọn gba adìẹ, wọ́n sì di ojú. Ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀rù wolé-wolé, àwọn ènìyàn ń gbá àyíká, wọ́n sì ń fọ àmù. Lónìí, ìgbà mélòó ni ẹ rí wolé-wolé ní ìsọ̀ ẹlẹ́wà? Òtítọ́ ni pé ojú lásán kò lè rí dichlorvos bí ó ti ń rí tanwíji. Ẹ jẹ́ kí ó bu ẹ̀wà díẹ̀ nínú àpò, kí ó gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ògiri ọjà kí gbogbo ènìyàn rí i. A kò ṣe aláìní onímọ̀ tí ó lè ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Wọ́n wà nínú ọgbà yunifásítì wa wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n bí wolé-wolé bá gbé ìyà nìkan wá, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń pe àwọn ìyá ẹlẹ́wà ní apànìyàn. Irọ́ ni. Obìnrin tí ó fi owó àjọ ra àpò ẹ̀wà mẹ́wàá láti Òkè Ọya, tí ó sì rí i pé kòkòrò fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ di ìyẹ̀fun kí oṣù mélòó kan tó pé, kí ni kí ó ṣe? Ota-piapia ni ó wà nítòsí, òun ni ó pọ́ọ́kú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń fa òórùn rẹ̀ símú, pẹ̀lú ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn. Ẹni tí a kò fi ọ̀nà mìíràn hàn, a kò lè bá a wí pé ó ṣìnà.

Ọ̀nà mìíràn sì wà. Àpò onípele mẹ́ta kan wà, ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun kan lóde. Nítorí ẹ̀wà gan-an ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kamẹrúùnù ṣe ṣe é, láàárín 1980 sí 1990. Bí a bá dì í pinpin, kòkòrò inú rẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ tí ó wà níbẹ̀ tán, yóò sì kú láìsí ẹ̀kán májèlé kan. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe ìwádìí nípa títọ́jú ìkórè, Nigerian Stored Products Research Institute, ti wà láti 1948. Ìlọrin ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà, kò jìnnà sí wa. Kí ìjọba ìbílẹ̀ yọ díẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi ra irú àpò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì tà á ní ẹ̀dínwó fún ẹgbẹ́ ẹlẹ́wà. Owó àwọn ìyá wa náà ni, àwọn ni ó tọ́ sí.

Àwọn kan yóò ní bí a bá fọ ẹ̀wà dáadáa, tí a sì sè é jinná, oògùn náà yóò lọ. Fífọ̀ àti sísè a máa dín in kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdáná wo ni ó ní òṣùwọ̀n tí yóò fi mọ iye tí ó kù nínú ìkòkò? Àwọn mìíràn yóò ní àwọn bàbá wa jẹ ẹ̀wà, wọn kò kú. Eérú àti ata gbígbẹ ni àwọn bàbá wa fi ń lé kòkòrò ẹ̀wà; wọn kò mọ dichlorvos.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, tiwa ni. Ẹ wo ara ìgò oògùn apakòkòrò: èdè òyìnbó ni ìkìlọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí yóò dà á sí ẹ̀wà kò lè kà á. Ẹni tí ó lè kà á, ẹ̀wà sísè ni ó ń rà. Àwa tí a ń pe ara wa ní ẹgbẹ́ èdè Yorùbá, kí ni a ń fi èdè náà ṣe bí kò bá lè dé ìsọ̀ ẹlẹ́wà? Ẹ jẹ́ kí a kọ ìkìlọ̀ náà ní Yorùbá tí ó yé ènìyàn, kí a gbé e lọ bá àwọn ìyálọ́jà, kí a sì gbé ẹ̀dà rẹ̀ kan lọ sí ọ́fíìsì alága ìjọba ìbílẹ̀, kí ó má ba à wí lọ́la pé òun kò gbọ́.

Ará ilé wa ni ó ń jẹ kòkòrò yìí. Bí a bá dákẹ́, àwa náà kò ní sùn.