Ojú Ta Ni Ká Fún Màríà?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ni ó rí Màríà ìyá Jésù rí nínú wa? Ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sọ bóyá ó ga tàbí ó kúrú, wọn kò sì sọ bí imú rẹ̀ ti rí. Síbẹ̀, àwòrán rẹ̀ kún ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ẹlòmíràn ni ayàwòrán kọ̀ọ̀kan ń yá fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí di àríyànjiyàn fún ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbàdàn. Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n. Wọn kò kọ́ àwòrán yíyà ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan; ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, lálẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọ̀dà olóròóró ni wọ́n ń lò, èyí tí kì í tètè gbẹ, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó ń mú òróró inú rẹ̀ le díẹ̀díẹ̀. Ìpele tí òróró rẹ̀ kò pọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kùn, kí èyí tí ó lọ́ràá tó tẹ̀lé e. Bí a bá ṣe é sódì, òkè lè gbẹ ṣáájú ìsàlẹ̀, kí àwòrán sì sán. Lásìkò ọyẹ́, wọ́n a kọ ojú àwòrán sí ògiri kí eruku má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Àǹfààní ìfàlẹ̀ yìí ni pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí a kùn lónìí ṣì ṣeé tún ṣe lọ́la.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ya Màríà fún ìjọ wọn, ìyá wọn tí ń ta ẹ̀kọ ni wọ́n ní kó wá jókòó sórí àpótí níwájú wọn. Oṣù mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ, àwọn àgbà ìjọ wò ó títí, wọ́n ní, “Tíṣà, ìyá elẹ́kọ nìyí! Ẹ lọ pa ojú yìí dà.”

Ìyá fúnra wọn gbè sẹ́yìn àwọn àgbà náà. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, pa á dà. N kò fẹ́ kí wọ́n máa kúnlẹ̀ níwájú mi. Àwọn mìíràn níbẹ̀ ṣì jẹ mí lówó ẹ̀kọ.”

Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀.

N kò fi àwọn àgbà náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí a jọ ń ná ọjà láàárọ̀, kò rọrùn láti gbójú sókè wò ó nínú àdúrà. Ẹjọ́ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Róòmù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Caravaggio ya ikú Màríà. Òkú gidi ni ó yà, pẹ̀lú ikùn tó wú àti ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà. Àwọn àlùfáà tí iṣẹ́ náà wà fún kọ̀ ọ́. Àwọn aráàlú sì ń sọ pé aṣẹ́wó kan ni ó yá ojú rẹ̀ lò. Rubens, ayàwòrán bíi tirẹ̀, ni ó gba Dúùkù Mantua nímọ̀ràn láti rà á. Lónìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní ìlú Paris ni ó wà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ni tíṣà ìṣirò mọ̀ nínú àwòrán, kí ó rántí Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ iṣẹ́ náà. Ó ti ya Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, ọdún 14 kí ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán ní London ní 1920.

Onímọ̀ Babatunde Lawal túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà “àwòrán” sí ohun tí a wò tí a fi ń rántí. Mo gbà á gbọ́ nígbà tí mo dé pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Màríà wọn ń bẹ níbẹ̀, nínú aṣọ aláró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwòrán kejì, tí wọ́n yà lẹ́yìn rògbòdìyàn náà: Ìyá nínú aṣọ ọjà wọn, igbá ẹ̀kọ lórí itan. Ojú kan náà ni. Ìlà abẹ́ ojú kò yẹ̀, àárẹ̀ inú rẹ̀ kò yẹ̀. Èyí tí ìjọ kọ̀ kò mọ́ ju èyí tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀rẹ̀ fún lọ. Ọ̀wọ̀ tí ọmọ fi wo ojú ìyá rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ni ó wà nínú méjèèjì.

Àwa ọ̀dọ́ ní àwòrán òbí wa rẹpẹtẹ lórí fóònù. Ìgbà wo ni a jókòó wo èyíkéyìí nínú wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Bí ẹ bá mọ ẹnìkan ládùúgbò yín tí ń fi ìfẹ́ ya àwòrán, ẹ gbé iṣẹ́ fún un, ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ sì bẹ ìyá tàbí bàbá yín kí wọ́n jókòó, nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ fún ayàwòrán pé imú àwọn kò tóbi tó bẹ́ẹ̀.